Kí Ẹ Tó Sanwó Abọ́ Bàbà Alárabarà Ilẹ̀ Ṣáínà, Ẹ Dojú Rẹ̀ Dé

Àwọn tó ń wá síbi tí mò ń pàtẹ sí ní ọjà Bermondsey ní London láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, òdòdó ara abọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Màá gbà á lọ́wọ́ wọn, màá dojú rẹ̀ dé, màá ní, "Ẹ jẹ́ ká ti ìdí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Abọ́ yìí kì í ṣe ti amọ̀. Bàbà ni wọ́n fi òòlù lù títí tó fi fẹ́lẹ́, wọ́n wá fi gíláàsì lílọ̀ kùn ún, wọ́n sì gbé e sínú iná kí gíláàsì náà lè yọ́, kó di funfun. Orí funfun yẹn ni wọ́n ti ń ya òdòdó, lẹ́yìn náà ó tún di inú iná. Láyé ọba Kangxi (1662 sí 1722) ni iṣẹ́ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ààfin Beijing àti ní Guangzhou. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Yúróòpù ni wọ́n ti rí i. Ọmọ Faransé kan, Jean-Baptiste Gravereau, dé ààfin lọ́dún 1719 láti bá wọn ṣe é. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní yangci, tánńganran òkè òkun.

Bàbà máa ń fẹ̀, ó sì máa ń sún kì ju gíláàsì lọ. Bí wọ́n bá kùn ún lójú kan péré, yóò sán. Nítorí náà, ẹ wá gíláàsì nínú rẹ̀ àti ní ìdí rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ mẹ́rin aláwọ̀ búlúù níbẹ̀ tó ní wọ́n ṣe é láyé ọba Qianlong (1736 sí 1795), ẹ má tìtorí rẹ̀ fowó kún owó. Kò ṣòro láti dà á kọ.

Etí rẹ̀ ló kàn. Bàsíà màmá mi n'Íbàdàn bó létí, ibẹ̀ sì dógùn-ún, torí irin ni. Bàbà kì í dógùn-ún bẹ́ẹ̀: á ṣú, tàbí kó ta àwọ̀ ewé. Ẹ mú òòfà kékeré dání. Bó bá lẹ̀ mọ́ abọ́, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ibi tí kò bó rárá ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo ra ìkòkò tíì kan ní 90 pọ́n-ùn, ara rẹ̀ dán gbinrin. Nígbà tí mo délé, mo fi èékánná họ ewé òdòdó kan lábẹ́ ẹnu rẹ̀, ọ̀dà sì ṣí. Ẹnì kan ti kun ojú àpá. Láti ọjọ́ yẹn, mo máa ń da abọ́ ṣẹ̀gbẹ́ẹ́ sójú ìmọ́lẹ̀, màá fi ìka tẹ̀ ẹ́ yíká. Gíláàsì tutù, ó le. Ọ̀dà kì í tutù tó bẹ́ẹ̀, dídán rẹ̀ náà sì yàtọ̀.

Ìgbà yìí ni kẹ́ ẹ wá wo òdòdó, kẹ́ ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wò ó. Wúrà tí wọ́n pò mọ́ gíláàsì ló ń fún àwọ̀ píǹkì ara òdòdó ní ẹwà rẹ̀. Lára ewé òdòdó tó dáa, ẹ óò rí ipa búrọ́ọ̀ṣì tó tín-ín-rín bí irun, tó ń fẹ́rẹ̀ sí i títí tó fi di funfun. Bó bá jẹ́ tótòtó wẹ́wẹ́ tó tò lọ rẹrẹ, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má sá fún àdán. Arábìnrin kan gbé abọ́ sílẹ̀ wéré nígbà tó rí àdán márùn-ún lára rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé ní èdè Ṣáínà, fú ni àdán, fú náà ni oríire, ohùn wọn pàápàá ò yàtọ̀, àwa olóhùn mẹ́ta sì mọ bíyẹn ṣe wúwo tó. Àdán márùn-ún, oríire márùn-ún. Ó rà á.

Tẹ́ ẹ bá gbé e délé, ọwọ́ méjèèjì ni kẹ́ ẹ máa fi gbé e, láti ìsàlẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ ìkòkò gbé e. Aṣọ gbígbẹ tó fẹ́lẹ́ ni kẹ́ ẹ fi nù ún. Omi gbígbóná ò gbọ́dọ̀ kàn án. Ẹ má sì fi mu tíì o: òjé wà nínú gíláàsì yẹn.