Kí Ẹ Tó Bá Wọn Pín Ẹbu ní Ìgbèríko Áyálándì

Ìpetumọ̀dù ni mo ti kọ́ ìkòkò mímọ lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi. Leitrim, káúńtì tí èrò rẹ̀ kéré jù lọ ní Áyálándì, ni mo ti ń ṣe é báyìí. Ilé tí àwọn olùsìn màlúù ń gbé wàrà wá tà nígbà kan rí la sọ di ẹbu, èmi, ìyá kan tó ń hunṣọ, àti gbẹ́nàgbẹ́nà méjì. Irú ilé bẹ́ẹ̀ wà káàkiri ìgbèríko níbẹ̀, owó rẹ̀ kì í sì í tó ti Dublin. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ má tíì sanwó.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí omi ń gbà lọ. Sọ́kàwéè ni ọ̀pọ̀ ilé ìgbèríko ń lò, amọ̀ á sì dí i pa. Báàkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ni kí ẹ tò sílẹ̀. Ẹ fọ ọwọ́ àti irinṣẹ́ nínú èkíní, ẹ ṣàn án nínú èkejì, ẹ tún un ṣàn nínú ẹ̀kẹta. Tó bá di àárọ̀, amọ̀ á ti rọlẹ̀. Ẹ da omi tó mọ́ lójú rẹ̀ nù, kí ẹ wa amọ̀ náà padà sínú ohun tí ẹ ń kó amọ̀ sí. Gíléèsì, àwọ̀ dídán tí à ń kùn sára ìkòkò, kò gbọdọ̀ bá omi lọ sínú sọ́kàwéè rárá. Bí aláró bá wà láàárín yín, ẹ bá a sọ̀rọ̀ lórí omi aró rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn kòkòrò tín-ín-tín inú sọ́kàwéè ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, oró sì lè pa wọ́n.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ ló máa kọ́kọ́ yà yín lẹ́nu. Oòrùn ilé ló ń bá wa gbẹ ìkòkò. Ní Leitrim, òjò àti ìrì kì í jẹ́. Ẹ fi ìdí ìkòkò kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Tó bá ṣì ń tutù lára, omi wà nínú rẹ̀. Ẹ má fi í sílẹ̀ níbi tí òtútù á ti mú un dì lóru, á fọ́ wẹ́wẹ́. Nínú ìléru, ẹ dá iná dúró díẹ̀ sísàlẹ̀ 100°C fún wákàtí bíi mélòó kan, kí omi tó kù lè jáde. Bí oru bá há sínú ẹyọ kan ṣoṣo, yóò bẹ́, àfọ́kù rẹ̀ á sì lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ ẹlòmíì. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹnì kan ṣoṣo máa to ìléru.

Ẹ béèrè irú iná tó wọ ilé náà, torí ìléru ńlá sábà máa ń fẹ́ three-phase, iná oníwáyà mẹ́ta, kì í sì í sí ní ọ̀pọ̀ abúlé. Sísun àkọ́kọ́ ń lọ sí nǹkan bíi 1000°C, èyí tó ní gíléèsì lè dé 1250°C. Iná òru dínwó tí ilé bá ní mítà tó ń ka ti òru lọ́tọ̀. Ẹ ka mítà ṣáájú, ẹ kà á lẹ́yìn, ẹ wá pín owó náà sórí iye pẹpẹ tí kálukú gbà nínú ìléru. Ìjà owó iná ló ń tú ẹbu ká jù, mo sì fẹ́ kí ẹbu wa pẹ́.

Mo mọ̀ pé ìgbálẹ̀ ni a máa ń kọ́kọ́ gbé láàárọ̀. Níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbálẹ̀ amọ̀ gbígbẹ. Eruku rẹ̀ ní sílíkà, ó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Aṣọ tútù ni kí ẹ fi nùlẹ̀. Ẹ fi ògiri tàbí ilẹ̀kùn dí eruku igi pa sí ọ̀dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà.

Ìnṣọ́ránsì tó bo àlejò ṣe pàtàkì tí ẹ bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Local Enterprise Office káúńtì yín lẹ ó lọ bá fún ìmọ̀ràn òwò. Òfin owó orí kan wà tó yọ iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ títí dé 50,000 yúrò lọ́dún, àmọ́ ère ló wọ̀ ọ́, kì í ṣe abọ́ ọbẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ̀wé béèrè.

Lákòótán, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́: oṣù mélòó lẹni tó fẹ́ lọ máa fi ránṣẹ́ ṣáájú, ta ló ni ìléru, ta sì ni yóò ra wáyà tuntun tí ti inú rẹ̀ bá jó.