Bí ẹ ṣe lè fi Lefitiku 16 àti ìwé Heberu kọ́ni nípa ètùtù àti ìwà mímọ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti inú Heberu. Lefitiku 16 ni kí ẹ kọ́kọ́ kà látòkè délẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí olórí àlùfáà ṣe ní Ọjọ́ Ètùtù, ìyẹn ọjọ́ kẹwàá oṣù keje, sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ ọ̀gbọ̀. Ó pa akọ màlúù kan fún ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ àti ti ilé rẹ̀. Kó tó mú ẹ̀jẹ̀ wọlé, ó gbé ẹyin iná àti ẹ̀kúnwọ́ méjì tùràrí kíkúnná lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, kí èéfín rẹ̀ lè bo ìtẹ́ àánú (ìdérí àpótí májẹ̀mú), kó má baà kú. Lẹ́yìn náà ló fi ìka wọ́n ẹ̀jẹ̀ sí ìtẹ́ àánú, ó tún wọ́n ọn síwájú rẹ̀ nígbà méje. Wọ́n ti ṣẹ́ kèké lórí òbúkọ méjì: ó pa ọ̀kan, ó sì ṣe ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bákan náà, èkejì ló gbé ọwọ́ méjèèjì lé lórí láàyè, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ Ísírẹ́lì lé e, wọ́n sì lé e lọ sí aginjù.

Ẹ dúró pẹ́ lórí ẹsẹ 16, tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fò. Ibi mímọ́ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ṣètùtù fún, nítorí àìmọ́ àwọn tí Ọlọ́run ń gbé láàárín wọn. Bí ẹ bá fo ibẹ̀, ìdáríjì nìkan ni ètùtù yóò jẹ́ létí àwọn èèyàn, ìwà mímọ́ yóò sì dà bí ẹ̀kọ́ mìíràn tó dá dúró.

Ìgbà yìí ni kí ẹ wá fa ìlà sáàárín ìwé, kí ẹ kọ Heberu sí apá kejì. Àlùfáà ń wọlé lọ́dọọdún (9:7). Jésù wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo (9:12). Àlùfáà rúbọ fún ara rẹ̀ ná. Jésù kò nílò rẹ̀ (7:27). Ẹ̀jẹ̀ ẹran wẹ ara. Ti Kristi wẹ ẹ̀rí ọkàn (9:13-14). Wọ́n sun òkú ẹran lẹ́yìn ibùdó; Jésù jìyà lẹ́yìn ibodè, kó lè sọ àwọn èèyàn di mímọ́ (13:11-12).

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí wọ́n máa kọ́ni pé ẹbọ jẹ́ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ fún Ọlọ́run. Lefitiku 17:11 kọ̀ ọ́: Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló fi ẹ̀jẹ̀ náà fún wọn. Ẹ tún ṣọ́ra fún Heberu 9:22, tí wọ́n máa ń gé kà: “ó fẹ́rẹ̀ jẹ́” ló fi bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ jẹ́ ohun gbogbo ni òfin ń fi ẹ̀jẹ̀ wẹ̀ mọ́, kì í ṣe ohun gbogbo pátá. Àpẹẹrẹ kan ni pé aláìní tí agbára rẹ̀ kò ká àdàbà méjì lè mú ìdá kan nínú mẹ́wàá efa (òṣùwọ̀n ọkà àwọn Heberu) ìyẹ̀fun wá fún ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀, láìsí òróró tàbí tùràrí (Lefitiku 5:11).

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àwọn Júù ṣì ń pa òbúkọ ní tẹ́ńpìlì. Ọdún 70 lẹ́yìn ìbí Kristi làwọn ará Róòmù wó o. Ààwẹ̀, àdúrà àti ìrònúpìwàdà ni wọ́n fi ń ṣe Ọjọ́ Ètùtù báyìí.

Ẹ kọ́ wọn ní ẹbọ ẹ̀bi náà. Ẹni tó fi èrú gba nǹkan yóò dá a padà, yóò fi ìdá kan nínú márùn-ún lé e, yóò sì mú àgbò wá (Lefitiku 6:1-7). Ẹ ka Matteu 5:23-24 tẹ̀lé e. Fún ìwà mímọ́, Lefitiku 19 ni kí ẹ lò pẹ̀lú 1 Peteru 1:15-16: owó alágbàṣe kò gbọdọ̀ sùn mọ́ ọ lọ́wọ́ (ẹsẹ 13), òṣùwọ̀n gbọdọ̀ pé (ẹsẹ 35-36). Kí oníkálukú sọ èyí tó kan iṣẹ́ tirẹ̀.