Bí èmi àti àbúrò mi ṣe lo ọjọ́ mẹ́ta ní Köln

Ẹ jẹ́ n tètè kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá lèmi àti àbúrò mi ọkùnrin dé láti Köln, ìlú kan ní Jámánì tí odò Rhine là sí méjì, òun làwọn ará London ń pè ní Cologne. Látìgbà tí mo ti gbé fọ́tò sórí WhatsApp làwọn èèyàn ti ń bi mí pé báwo lẹ ṣe lọ, eélòó ni, kí lẹ rí jẹ, mi ò dẹ̀ lè máa tẹ ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́jọ, torí náà gbogbo ẹ̀ rèé.

Físà lẹ máa kọ́kọ́ bá jà. A ní páálí London o, àmọ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà la ṣì ń lò, kò sì síbi tá a fẹ́ gbà yẹ físà Schengen sílẹ̀: 90 yúrò lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, inṣọ́ránsì tó lè gbé 30,000 yúrò bí àìsàn bá dé, sítétímẹ́ǹtì bánkì, lẹ́tà láti ibi iṣẹ́. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, kéèyàn tó rí ọjọ́ tí wọ́n á gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an ni wàhálà.

Rélùwéè la wọ̀. Láti stéṣọ̀n St Pancras ní London dé Brussels, wákàtí méjì, a wá bọ́ sí òmíràn tó yẹ kó gbé wa dé Köln láàárín bíi wákàtí méjì míì, àmọ́ èyí kejì yẹn fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún mi nípa àwọn ará Jámánì àti aago, mo ti dá a padà fún wọn. Bàbá kan tó jókòó tì mí kàn mirí ni, ó ní ṣé o ò wọ ọkọ̀ wa rí ni.

Bẹ́ ẹ bá ṣe jáde ní stéṣọ̀n báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá yẹn, Dom, ló máa dúró lé yín lórí. Ẹ ò ní rìn tó ìṣẹ́jú méjì. Mo ti rí i nínú fọ́tò tẹ́lẹ̀, irọ́ ni fọ́tò ń pa. Dúdú ni, bí ìkòkò tó ti pẹ́ lórí iná igi, mítà 157 ni gíga ẹ̀, mo gbójú sókè wò ó títí fìlà òtútù orí mi fi já bọ́ sẹ́yìn. Ọdún 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, nígbà tó yá owó tán, wọ́n pa á tì, kéréènì onígi tí wọ́n fi ń gbé òkúta sókè wà lórí ibi tí wọn ò parí yẹn fún bí ọdún 400, 1880 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá parí ẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ọdún 632. Àbúrò mi ní a ò gbọdọ̀ bá Dádì wí mọ́ lórí ilé Ṣágámù tó ti wà ní líńtẹ̀ẹ̀lì láti ọjọ́ aláyé. Nígbà ogun Hitler, bọ́ǹbù ńlá 14 ló bà á, ìlú wó palẹ̀ yí i ká, òun ṣì wà lóòró.

Nínú ẹ̀, lẹ́yìn pẹpẹ, àpótí oníwúrà kan wà tí wọ́n ní egungun àwọn amòye mẹ́ta tó lọ kí Jésù ló wà nínú ẹ̀, láti Milan ni wọ́n ti kó o wá ní 1164. Àmọ́ èmi, fèrèsé ló dá mi dúró. Gerhard Richter, ayàwòrán ará Jámánì, ló ṣe é, 2007, dígí onígun mẹ́rin kéékèèké 11,263, oríṣi àwọ̀ 72, kò sí áńgẹ́lì kankan níbẹ̀, àwọ̀ lásán ni. Mo lọ dúró síbi tí oòrùn ti ń gbà á wọlé, kóòtù funfun tí mo wọ̀ di ańkárá.

Ẹni tó bá fẹ́ gun òkè, àtẹ̀gùn 533 ni, kò sí nǹkan tó ń gbé èèyàn sókè. Ó ń yí po, ó há, ẹni tó ń sọ̀ àti ẹni tó ń gùn á máa fara nu ara wọn. Lójú ọ̀nà lẹ máa rí agogo kan tí wọ́n ń pè ní Dicker Pitter, ká kúkú pè é ní Peter Ọ̀róbó, tọ́ọ̀nù 24 ni, ní 2011 irin tó ń lù ú nínú já bọ́ sílẹ̀ gbàmù. Inú mi dùn pé mo gùn ún, mi ò dẹ̀ ní gùn ún mọ́.

Òdìkejì odò ni hòtẹ́ẹ̀lì wa wà, ní Deutz. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú un níbẹ̀ ni. Àwọn ará Köln ń pe apá ibẹ̀ ní Schäl Sick, pé apá tí ò dáa ni, wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lèèyàn ti ń rí ìlú wọn kedere, torí ẹni tó wà nínú ìlú ò lè rí ìlú. Ó tún rọjú. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́ la ń fẹsẹ̀ gba Hohenzollernbrücke kọjá, bíríìjì onírin, rélùwéè ń gba àárín, ẹlẹ́sẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́, bí rélùwéè bá ti ń kọjá ilẹ̀ á máa gbọ̀n rìrì lábẹ́ bàtà yín, ẹ má bẹ̀rù.

Orí bíríìjì yìí ni ọ̀rọ̀ àgádágodo ti wáyé. Láti 2008 làwọn olólùfẹ́ ti ń wá síbẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ àwọn méjèèjì sára àgádágodo, wọ́n á tì í mọ́ wáyà tó pààlà láàárín ẹlẹ́sẹ̀ àti rélùwéè, wọ́n á wá ju kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ sínú odò. Báyìí o, kò síbi tí ìka kan lè gbà wọlé mọ́, pupa, wúrà, èyí tó ti dípẹtà, àgádágodo lórí àgádágodo. Mo ya fídíò ẹ̀ ránṣẹ́ sí Mọ́mì n'Íjẹ̀bú. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ohùn fi wọlé: "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló ní kẹ́ ẹ débẹ̀? Wọ́n kọ orúkọ èèyàn sára àgádágodo, wọ́n tì í pa, wọ́n ju kọ́kọ́rọ́ sódò, ẹ wá ń ya fídíò ẹ̀? Ẹ má fọwọ́ kan nǹkankan o!" A ṣàlàyé títí pé ìfẹ́ ni, Mọ́mì ní irú ìfẹ́ wo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́. Àbúrò mi ń mu bíà, èmi ò mu. Kölsch ni bíà wọn, kọ́ọ̀bù tínńrín, 0.2 lítà péré, ó ní ṣé ti ìkókó ni. Wéètà wọn, Köbes ni wọ́n ń pè é, kì í bi yín bóyá ẹ fẹ́ sí i, bí kọ́ọ̀bù bá ti ṣófo á gbé òmíràn kalẹ̀, á fi bírò fa ìlà kan sára páálí róbótó tí wọ́n gbé kọ́ọ̀bù lé, àfi tẹ́ ẹ bá fi páálí yẹn bo kọ́ọ̀bù ló máa mọ̀ pé ó ti tó. Ìlà 9 ló wà lára páálí àbúrò mi kí ẹni tó wà ní tábìlì kejì tó fọwọ́ ṣàpèjúwe fún un. Èmi ní tèmi rí Halve Hahn lórí ìwé oúnjẹ, mo wò ó lórí Google, ìlàjì àkùkọ, mo ní ó tán, adìyẹ dé. Ohun tó gbé wá ni búrẹ́dì dúdú kékeré kan, wàràkàṣì tó nípọn bí ọṣẹ, àlùbọ́sà tútù àti mọ́sítáàdì. Mo ní adìyẹ mi ńkọ́. Ó dájú pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi í, kò tiẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó kàn nàka sí abọ́. Ata gígún tí mo gbé dání nínú báàgì ló kó mi yọ.

Ibi tó mú mi lọ́kàn jù, òjò ló lé wa débẹ̀. Schokoladenmuseum, ìyẹn mùsíọ́ọ̀mù ṣokoléètì, etí omi náà ló wà, láti 1993. Ilé dígí kékeré kan wà nínú ẹ̀ tí wọ́n gbin kòkó sí, wọ́n ń mú un gbóná, bí mo ṣe wọlé báyìí ni awò ojú mi ṣú bò, mi ò rí nǹkankan, òórùn ilẹ̀ tútù àti ewé tó ti ń jẹrà ló kọ́kọ́ wọ imú mi, mo sì ti mọ̀ ọ́n kí n tó nu awò. Oko bàbá bàbá mi lọ́nà Ìdànrè nìyẹn. Ìgbà tí mo nu awò tán, igi kòkó tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló wà níwájú mi, ó so mẹ́ta mọ́ ara, ọ̀kan ti ń pọ́n. Ìyá kan àti ọmọ ẹ̀ dúró tì mí, ọmọ ń nàka sí i, ó ń bi ìyá ní ìbéèrè, ìyá ò mọ èyí tó máa sọ, ni mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì dá sí i. Mo ní tẹ́ ẹ bá fi àdá là á, nǹkan funfun kan tó ń yọ̀ ló bo kóró inú ẹ̀, a máa ń pọ́n ọn lá nígbà tá a wà ní kékeré, ó dùn, ó tún kan díẹ̀, kò jọ ṣokoléètì rárá, ẹ má gé kóró ẹ̀ jẹ torí ó korò, ẹ̀yìn ìyẹn làwọn àgbà á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún bí ọjọ́ mẹ́fà títí á fi gbóná tá máa rùn bí ọtí, wọ́n á tó wá sá a. Ìyá ń túmọ̀ ẹ̀, ọmọ tẹjú mọ́ ẹnu mi bí ẹni pé ó ṣì kù níbẹ̀.

Níwájú, fáńtéènì ṣokoléètì kan wà tó ga tó mítà 3, òṣìṣẹ́ á ti bisikíìtì pẹlẹbẹ bọ̀ ọ́, á nà án sí yín. Bàbá bàbá mi ta kòkó títí ó fi ra Bẹ́dífọ́ọ̀dù, mi ò rí i kó jẹ ṣokoléètì rí, kì í ṣe pé kò lówó ẹ̀ o, ó ní ó dùn jù, pé nǹkan tí wọ́n fi ń tan ọmọdé ni. Èmi jẹ mẹ́rin.

Ẹ tún lọ wo aago kan létí odò ní ìlú àtijọ́, kì í ṣe àsìkò ló ń sọ, gíga omi ni, ọwọ́ kúkúrú ń ka mítà. Bó bá ti dé 8.30, ọkọ̀ ojú omi ò gbọdọ̀ rìn mọ́. Ní 1995 ó dé 10.69, omi wọlé onílé. Ọkọ̀ ẹrù gbọọrọ ló ń kọjá níbẹ̀ látàárọ̀, aṣọ tí wọ́n sá wà lẹ́yìn ẹ̀, mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ wà lórí ẹ̀, ilé onílé ni. A sanwó ọkọ̀ tó ń gbé èèyàn yí odò ká fún wákàtí kan, lójú tèmi orí bíríìjì dáa jù ú lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ilé 4711 tí wọ́n ti ń ta lọ́fíńdà, ẹ lè yà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi díẹ̀ ra ọrùn, ẹ máa lọ.

Ọkọ̀ inú ìlú ò ní géètì, èèyàn lè rò pé ọ̀fẹ́ ni, tí wọ́n bá mú yín láìní tíkẹ́ẹ̀tì, 60 yúrò.

Ohun tó kù ni ọ̀rọ̀ ìgò. Tẹ́ ẹ bá ra omi onírọ́bà, wọ́n á fi 25 sẹ́ǹtì lé e, ẹ̀rọ kan wà nínú súpámákẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ máa ti ìgò bọ̀, tí á fún yín níwèé tẹ́ ẹ máa fi gbowó níbi ìsanwó. Àbúrò mi kó ìgò wa jọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, méje, alẹ́ Sátidé ló kó wọn lọ, ẹ̀rọ fún un níwèé, ìlà gùn níbi ìsanwó, ó ní òun á padà wá láàárọ̀ ọ̀la ká tó lọ wọkọ̀. Ọ̀la Sunday. Wọn kì í sábà ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Sunday ní Jámánì, àfi irú èyí tó wà ní stéṣọ̀n, àwọn yẹn sì wo ìwé wa, wọ́n ní kì í ṣe tiwọn. 1.75 yúrò, ó ṣì wà nínú pọ́ọ̀sì mi, ẹni tó bá ń lọ kó wá gbà á.