Ẹnu Ni Kó Kọ́kọ́ Mọ̀ Ọ́n: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Kọ́ Ọmọ Kíláàsì ní Oríkì Láyé Kọ̀ǹpútà

Olùkọ́ tó bá ní kí ọmọ lọ wá oríkì ìdílé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò rí iṣẹ́ gbà lọ́jọ́ kejì. Ọmọ á ti dà á kọ, á tilẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà funfun báláú. Ẹ wá ní kó kì í. Á máa kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn, kò sí àmì ohùn lórí ọ̀rọ̀ kankan, ìlà tó jẹ́ ti Ìkòyí sì ti dà mọ́ ti Òpómúléró. Ohun tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n ṣe ni kó bá wa tọ́jú ohùn, kó sì dá a padà fún wa nígbàkigbà. Oríkì kò tíì wọ ọmọ lára àfi ìgbà tó bá lè kì í láìwo ìwé, tí etí rẹ̀ sì lè mú ẹni tó ṣì í kì. Nítorí náà, nínú ètò yìí, tí a fi Òṣogbo ṣe àpẹẹrẹ, ẹnu ló ṣáájú, etí tẹ̀lé e, ìwé ṣe ìkẹta, kọ̀ǹpútà ló kẹ́yìn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: oríkì ọmọ fúnra rẹ̀

Iṣẹ́ àṣetiléwá kan ṣoṣo ni: kí ọmọ bi ìyá àgbà tàbí bàbá àgbà pé kí ni oríkì òun. Àjàní, Àyìndé, Àlàbí, Àkànní á wọlé. Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àdùkẹ́ náà á wọlé. Àwọn kan á dé láìní. Ẹ má fún wọn ní ọ̀kan lójú kíláàsì, ilé ni oríkì ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún padà lọ béèrè. Láti ọjọ́ náà lọ, oríkì ni kí ẹ fi máa pe orúkọ láràárọ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo kíláàsì á ti mọ ìyàtọ̀ ohùn tó wà nínú orúkọ ara wọn, ẹ ò sì tíì kọ́ wọn ní nǹkan kan.

Ẹ fi ìwé pélébé ránṣẹ́ sí òbí ní ọ̀sẹ̀ yìí kan náà. Ilé mùsùlùmí àti ilé onígbàgbọ́ pọ̀ ní Òṣogbo, àwọn kan sì gbà pé oríkì àti ìbọ ìkan náà ni. Ẹ kọ àwọn ìlà tí ẹ fẹ́ kọ́ wọn síbẹ̀ gan-an, kí wọ́n rí i pé ìṣe àwọn baba ńlá àti ìwà ni. Ẹ fi ẹsẹ Ifá àti iwì egúngún sílẹ̀ ní táàmù àkọ́kọ́. Àwọn yẹn ní ẹni tó ni wọ́n, ìlànà tiwọn sì yàtọ̀.

Gbígba ohùn àgbà sílẹ̀

Ìyàwó ilé tó ti pẹ́ nínú agbo ilé ló sábà mọ oríkì ilé ọkọ jù, torí oríkì náà ni wọ́n fi ń kí àwọn ọmọ ilé. Agbo ilé tó yí Ọjà Ọba ká àti àwọn ti Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ṣàìní irú wọn. Ẹ kọ́kọ́ lọ kí wọn láìmú fóònù jáde. Ẹ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ baálé, kí ẹ sì bi í bóyá ìlà kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dé ìgboro, torí èébú àti àṣírí máa ń fara pamọ́ sínú oríkì ìdílé.

Àárọ̀ kùtù ló dára jù, kí jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà tó gba ìlú. Ẹ má lọ lọ́jọ́ ọjà, ẹ má sì lọ lákòókò ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Bí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ ní sùúrù títí yóò fi dá. Yàrá tó ní ẹní, ìrọ̀rí àti aṣọ tí a ta sára ògiri ni kí ẹ lò; ògiri sìmẹ́ńtì lásán máa ń dá ohùn padà, á sì dà bíi pé inú àgbá ni màmá ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ pa nẹ́tíwọ́kì fóònù. Ẹ gbé e lé aṣọ tí a ká, kì í ṣe orí tábìlì, nítorí gbogbo ohun tó bá kan tábìlì ló ń bọ́ sínú rẹ̀. Ìwọ̀n ọwọ́ kan tí a nà, láti àtàǹpàkò dé ọmọńdinrín, ni kó jìnnà sí ẹnu, kó sì yẹ̀ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí atẹ́gùn “b” àti “gb” má baà máa fọ́ sí i.

Bí fóònù bá fún yín láyè, WAV, irú fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀, ni kí ẹ yàn, 44,100 Hz, bíìtì 16, ojú ohùn kan (mono). Ìṣẹ́jú kan á gba nǹkan bíi MB 5, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú á sì sún mọ́ MB 160, torí náà ẹ tún àyè ṣe kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ WhatsApp, ẹ so ó mọ́ ọn bíi fáìlì ìwé. Ohùn tí a tẹ bọ̀tìnnì gbà níbẹ̀ máa ń di fífún pọ̀, ìparí ọ̀rọ̀ tó rẹlẹ̀ á sì sọnù.

Àṣìṣe tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù ni dídá àgbà dúró. Ìlà kan ló ń fa èkejì yọ, bí ẹ bá ní “màmá, ẹ dúró ná, kí lẹ wí?”, okùn ti já nìyẹn. Ẹ má sì ní kí wọ́n kì í díẹ̀díẹ̀ kí ẹ lè kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ lásán ló máa dà, ìdajì ìlà á sì fò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kì í dé ibi tó bá dé, kí ẹ fún wọn lómi mu, kí wọ́n sì tún un kì. Ẹ̀ẹ̀kejì kì í bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Ẹ tọ́jú méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ṣí i fún wọn gbọ́, kí ẹ máa béèrè ìtumọ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan.

Nínú kíláàsì

Ìlà mẹ́rin tó fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìjókòó kan, mẹ́fà sí mẹ́jọ fún àwọn ọmọ JSS. Ìwé gbogbo á wà ní pípadé. Olùkọ́ á kì í lódindi lẹ́ẹ̀mejì, àwọn ọmọ á máa gbọ́. Lẹ́yìn náà, ìlà kìíní, kí kíláàsì gbè é lẹ́ẹ̀mẹta; ìlà kejì, bákan náà; ìkíní àti ìkejì papọ̀; ìgbà náà ni ìkẹta tó kàn. Ẹni tó bá ń fi ìlà mẹ́rin lé wọn lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà á rí i pé ìkíní àti ìkẹrin ni wọ́n mú, àwọn tàárín ti ṣòfò.

Ẹ wo àpẹẹrẹ oríkì Ìkòyí:

Ẹ̀ṣọ́ kì í gbọfà lẹ́yìn,
Iwájú gangan ni wọ́n fi ń gbọgbẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ẹ mú wọn gba ohùn rẹ̀ nìkan: dò mí, dò mí, re dò, mí dò. Ìlà kejì: re mí mí, re re, re, mí, re, mí, re mí. Ẹ ní kí wọ́n pa ẹnu dé, kí wọ́n sì fi imú kùn ún. Ọmọ tó bá lè kùn ún láìṣì, kò sí bó ṣe máa kì í tí ohùn rẹ̀ yóò di ti “good morning sir”. Bí onígángan bá wà ládùúgbò, ẹ pè é wá lẹ́ẹ̀kan ní táàmù: kó lu ìlà kan nínú mẹ́rin, kí àwọn ọmọ sọ èyí tó lù. Òṣogbo, ìlú tí Dúró Ládiípọ̀ òṣèré ti dá ẹgbẹ́ àṣà Mbari Mbayo sílẹ̀ ní 1962, kò lè wá onílù tì.

Ìtumọ̀ dọjọ́ kejì. Ẹ̀ṣọ́ ni àwọn àṣàyàn jagunjagun Ọ̀yọ́ àtijọ́, 70 ni wọ́n. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé kí ni ọgbẹ́ tó wà lẹ́yìn jagunjagun ń fi hàn, kí wọ́n fúnra wọn sọ ọ́. Olùkọ́ tó bá sáré túmọ̀ rẹ̀ fún wọn ti gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Ohun tó tún ń ṣẹlẹ̀ ni pé ohùn gbogbo kíláàsì á máa fà, á di orin kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Gbígbè tó pẹ́ jù ló ń fà á: alágbára ń darí, àwọn yòókù ń wọ́ tẹ̀lé e. Ẹ pín wọn sí márùn-ún márùn-ún, kí ẹnì kan dìde kì í, kí mẹ́rin máa ṣọ́ ọ, kí ẹni tó bá gbọ́ àṣìṣe gbọ́wọ́ sókè. Ẹ tún un yẹ̀ wò fún ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́jọ́ kejì, lọ́jọ́ kẹta àti lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Wákàtí kan gbáko lọ́jọ́ kan kò lè ṣe iṣẹ́ tí ìṣẹ́jú márùn-ún mẹ́ta yìí ń ṣe.

Kíkọ ọ́ sílẹ̀ àti títẹ̀ ẹ́

Nígbà tó bá ti wà lẹ́nu wọn, ẹ pín bébà. Ọmọ á kọ “gba ọfà” dípò “gbọfà”, “gba ọgbẹ́” dípò “gbọgbẹ́”, ìlà á sì gùn ju ohùn lọ. Ẹ ní kó kì ohun tó kọ gan-an; etí rẹ̀ á bá a ṣàtúnṣe.

Lórí fóònù, Gboard, kíbọ́ọ̀dù Google, ní Yorùbá lára àwọn èdè rẹ̀. Ẹ pa àtúnṣe ara-ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀rọ̀ yín lọ́wọ́. Kí gbogbo kíláàsì sì lo kíbọ́ọ̀dù kan náà, torí ọ̀ràn kan wà tí ojú kì í rí: kò sí “ẹ́” tó dá dúró nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀. “ẹ” (U+1EB9) ni a ń tẹ̀, tí àmì òkè (U+0301) sì tẹ̀lé e. Ẹlòmíràn á tẹ “é” kó tó fi àmì ìsàlẹ̀ (U+0323) kún un. Lójú, ìkan náà ni; bí ẹ bá wá ọ̀rọ̀ náà nínú fáìlì, kọ̀ǹpútà lè ní kò sí níbẹ̀. Bí fáìlì bá ti dàpọ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di NFC, ìlànà Unicode tó ń sọ ọ̀nà ìkọ méjèèjì di ọ̀kan. Àwọn kan sì ń fi “ş” tó ní ìrù gba ipò “ṣ”. Ẹ ṣọ́ ọ. Ìwé tí a fi fọ́ǹtì àtijọ́ tẹ̀ máa ń di jágbajàgba lórí ẹ̀rọ ẹlòmíràn, ó sàn kí ẹ tún un tẹ̀ ju kí ẹ máa yọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ fáìlì kò nílò àmì. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà mẹ́ta: fóònù, fláàṣì, àti ọ̀kan tí kò sí nínú ilé yín.

Ewì tí ẹ̀rọ kọ

Àwọn ọmọ á lò ó bí ẹ bá fẹ́ bí ẹ kọ̀, torí náà ẹ sọ ọ́ di iṣẹ́. Ẹ ní kí ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé kọ ìlà mẹ́jọ oríkì Òṣogbo, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde, kí ẹ sì fún wọn ní pẹ́ńsù. Kí wọ́n fa igi sábẹ́ àmì ohùn tó ṣì, kí wọ́n yí òbírí ká ìlà tó lè jẹ́ ti ìlú èyíkéyìí, kí wọ́n sì kì í sókè láti mọ ibi tí èémí ti já. Ìyìn aláìlórúkọ ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀: odò tó mọ́, ènìyàn rere, ìlú àlàáfíà. Ẹ bi wọ́n pé aró dà, Àtáọ́ja, ọba Òṣogbo, dà. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ ti mọ ojúlówó ló lè ṣe iṣẹ́ yìí, ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ ṣáájú. Ẹni tí kò tíì gbọ́ oríkì rí á yin ẹ̀rọ ni.

Máàkì

Nínú 20, ẹ fi 8 fún ohùn tó pé, 5 fún kíkì láìwo ìwé, 4 fún ìtumọ̀, 3 fún títẹ̀ tó ní gbogbo àmì. Ọmọ tó bá fi ìlà kan kún un láti ilé tirẹ̀, tó sì lè dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ, ẹ fi 2 kún ti rẹ̀. Akólòlò kò gbọdọ̀ kì í lójú gbogbo kíláàsì bí kò bá fẹ́. Ẹ gbọ́ tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀, tàbí kó gbà á sílẹ̀ sórí fóònù nílé mú wá.