Lébẹ́ẹ̀lì tí kò ní ṣí lára kẹ́ẹ̀gì epo

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó epo pupa láti Ògbómọ̀ṣọ́ gba ọ̀nà Ìlọrin, ẹ yí ìdí kẹ́ẹ̀gì sókè wò. Bí nọ́ńbà 2 bá wà níbẹ̀, HDPE ni, ìyẹn irú rọ́bà polyethylene kan. Lébẹ́ẹ̀lì polyethylene ló bá a mu jù, torí wọ́n lè jọ yọ́ pọ̀ fún àtúnlò. Bébà? Epo á rin ín, á sì já wẹ́wẹ́ mọ́ rọ́bà nígbà tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́.

Gọ́ọ̀mù kọ́ ló sábà ń jẹ̀bi bí lébẹ́ẹ̀lì bá ṣí. Epo tó yí kẹ́ẹ̀gì lára ni. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi sípírítì nù ún. Ẹ lẹ lébẹ́ẹ̀lì láti àárín lọ sí etí, kí afẹ́fẹ́ má há sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ nígbà tí epo inú kẹ́ẹ̀gì ṣì gbóná: bí ó bá tutù, kẹ́ẹ̀gì á súnkì, lébẹ́ẹ̀lì á hunjọ.

Ẹ ní kí wọ́n fi ríbọ́ọ̀nù resin (ríbọ́ọ̀nù yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé) tẹ ọ̀rọ̀ ara lébẹ́ẹ̀lì. Ó wọ́n díẹ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ooru nìkan tẹ̀, oòrùn á pa á rẹ́ kíá.

Ti ìgò PET, rọ́bà tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 1, yàtọ̀: lébẹ́ẹ̀lì polypropylene ni kí ẹ lò, torí ó ń léfòó lómi ìfọ̀ nígbà tí PET ń rì. Lébẹ́ẹ̀lì PVC, irú rọ́bà mìíràn, á rì pẹ̀lú PET, á sì bà á jẹ́.