Bí Mo Ṣe Dá Àwọn Ẹkùn Kruger Mọ̀ Lọ́kọ̀ọ̀kan, Láti Orí Tábìlì Mi ní Ẹ̀pẹ́

Ẹkùn mẹ́ta ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lónìí pé mo mọ̀. Bí wọ́n bá tún kọjá níwájú mi, màá pè wọ́n lórúkọ. Ẹ̀kẹrin wà nínú ìwé mi, ṣùgbọ́n àmì ìbéèrè ló wà ní ibi tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà. Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo ti ṣe iṣẹ́ náà parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbà ẹranko Kruger ní Gúúsù Áfíríkà ni àwọn ẹkùn náà ń gbé. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe ṣe é, torí pé àwa tá à ń lọ síbẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. A ó ya fọ́tò, a ó gbé e sórí Facebook, a ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé a rí ẹkùn, ó tán. Ẹkùn wo la rí? Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn nígbà tí mo dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fi Johannesburg ṣe ilé ló wa ọkọ̀, èmi jókòó tì í pẹ̀lú kámẹ́rà. Láti 1926 ni Kruger ti di ọgbà ìjọba. Ilẹ̀ rẹ̀ lé ní 19,000 kìlómítà níbùú lóòró, Ìpínlẹ̀ Èkó márùn-ún á wọ inú rẹ̀, àyè á sì tún ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ wá ẹkùn káàkiri gbogbo ibẹ̀ yóò kàn máa da epo mọ́tò nù ni. Ọ̀nà kan la dì mú: H4-1, ọ̀nà ọlọ́dà tó ti àgọ́ Skukuza lọ sí àgọ́ Lower Sabie, tó ń bá odò Sabie rìn. Igi ńláńlá wà létí odò náà. Impala, ẹran kan tó fara jọ àgbọ̀nrín, máa ń rọ́ wá mu omi níbẹ̀. Ibi tí ẹran àti igi bá ti pàdé, ẹkùn ò ní jìnnà, nítorí tó bá pa ẹran tán, ó máa ń wọ́ ọ gun orí igi kí ìkookò tàbí kìnnìún má baà gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́.

Oṣù Keje la lọ. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni lọ́dọ̀ wọn nígbà yẹn, koríko ti gbẹ, ojú sì ń ríran wọ inú igbó. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni wọ́n ń ṣí géètì àgọ́, a sì máa ń wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde, torí kí oòrùn tó mú ni ẹkùn ń rìn. Òfin ibẹ̀ ni pé o ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà, o ò sì gbọdọ̀ wa ọkọ̀ wọ inú igbó, nítorí náà ohun tí ẹkùn bá fi hàn ọ́ láti ojú ọ̀nà náà lo máa rí. Etí wa ló ṣiṣẹ́ ju ojú lọ. Tí impala bá ń fọn imú, tí gbogbo wọn dúró tí wọ́n sì kọjú sí ibì kan náà, tàbí tí ọ̀bọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lórí igi tí kò dẹ́kun, a ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó dúró. Lẹ́yìn náà la ó wá máa wo ẹ̀ka igi, bóyá ìrù kan ń rọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí mo ń wá nínú fọ́tò kì í ṣe ẹwà. Mo ti pinnu kí n tó kúrò nílé pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì ni mo kọ́kọ́ fẹ́, lẹ́yìn náà iwájú orí, lẹ́yìn náà ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì, tí etí àti ìrù á tẹ̀ lé e. Fọ́tò tó dára jù lọ ní ojú ẹlòmíràn, níbi tí ẹkùn ti na ara lórí ẹ̀ka nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́, kò wúlò fún mi tí òjìji ewé bá bo ara rẹ̀. Mo tún aago kámẹ́rà ṣe sí ti ibẹ̀ kí a tó wọlé, torí wákàtí kan ló fi ṣíwájú tiwa, wákàtí náà sì ṣe pàtàkì nígbà tí èèyàn bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹranko kan náà lè wà ní ibi méjì láàárọ̀ kan. Níbikíbi tá a bá ti rí ẹkùn, mo ń fi fóònù ya òpó ojú ọ̀nà tó sún mọ́ wa jù lọ, kí ibẹ̀ má baà sọ nù lọ́kàn mi.

Nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́ ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ni mo ń ṣe é, nígbà tí iná bá wà. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo pín fọ́tò sí méjì: ti ìhà ọ̀tún lọ́tọ̀, ti ìhà òsì lọ́tọ̀. Ẹni tó bá fò ìgbésẹ̀ yìí kò lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa. Àmì tó wà ní ìhà ọ̀tún ẹkùn kan kì í bá ti ìhà òsì rẹ̀ mu rárá. Tí o bá ní ọ̀tún ẹkùn kan lónìí, tí o rí òsì ẹkùn kan lọ́la, kò sí ohunkóhun lára awọ méjèèjì tó lè sọ fún ọ bóyá ẹyọ kan ni wọ́n. Àfi tí fọ́tò kan bá so wọ́n pọ̀: ẹkùn tó yí padà lójú rẹ, tàbí èyí tó kọjú sí ọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì fi hàn.

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni mo wá gbà wọlé. Irunmú ẹkùn máa ń hù ní ìlà ìlà, àmì dúdú kéékèèké sì wà ní ìdí wọn. Lókè ìlà tó ga jù lọ, àmì díẹ̀ tún wà tó dá dúró. Àwọn wọ̀nyẹn ni wọ́n ń kà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún ẹkùn fúnra rẹ̀ ló ń ṣíwájú, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tó ń wò ó, lẹ́yìn náà ni ti òsì. Ẹkùn tó ní mẹ́ta lọ́tùn-ún àti méjì lósì, wọ́n á kọ ọ́ ní 3:2. Ara kìnnìún ni àwọn olùwádìí méjì, Pennycuick àti Rudnai, ti kọ ìlànà àmì ìdí irunmú sílẹ̀ ní 1970. Lónìí, àwọn tó ń mú àlejò wo ẹranko ní Sabi Sands, ilẹ̀ tó bá Kruger pààlà níwọ̀ oòrùn, ń fi irú kíkà bẹ́ẹ̀ dá ẹkùn wọn mọ̀ lójoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má dúró síbẹ̀. Ẹkùn tó ní 3:3 pọ̀ lọ jàra. Bí ilà ojú àwọn baba wa ni mo ṣe rí i: ẹni tó kọ àbàjà, o lè mọ ibi tó ti wá, o ò lè torí bẹ́ẹ̀ mọ̀ pé òun gan-an lo fún lówó lánàá. Méjì nínú àwọn ẹkùn mi, abo ni wọ́n, 3:3 sì ni àwọn méjèèjì. Ká ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìkan ni mo wò ni, ẹyọ kan ni wọn ì bá jẹ́ nínú ìwé mi.

Ìhà ara ló yà wọ́n. Àwọn àmì ìhà ẹkùn rí bí òrùka tó já, dúdú léteetí, àárín rẹ̀ pọ́n ju àwọ̀ ara yòókù lọ. Kò sí méjì tó ní irú kan náà, bí a sì ṣe bí ẹkùn mọ́ ọn ló máa wà títí yóò fi kú. Ṣùgbọ́n awọ máa ń nà, ó sì máa ń ká. Nígbà tí ẹkùn bá lóṣòó, àmì tó jìnnà síra á súnmọ́ra. Nítorí náà mi ò wọn jíjìnnà wọn, ta ló múlé gbe ta ni mo wò. Mo wá àmì kan tó ṣàjèjì, bí i òrùka tó là nísàlẹ̀, tàbí àmì mẹ́ta tó fi ara wọn ṣe igun mẹ́ta, mo fi ìka lé e lórí kọ̀ǹpútà, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ibẹ̀: kí ló wà lókè rẹ̀, kí ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ló tẹ̀ lé ìyẹn. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnìkejì. Bí àwọn aládùúgbò náà bá bára mu títí, mo gbà á. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ kedere, tí kì í ṣe òjìji tàbí ẹrẹ̀, ọ̀rọ̀ parí, ẹkùn méjì ni. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan wà tó ń jẹ́ HotSpotter, láti 2013, tó ń fi fọ́tò wé fọ́tò bẹ́ẹ̀, ó sì wúlò púpọ̀ fún ẹni tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò. Fọ́tò tèmi kò tó bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ojú mi fúnra rẹ̀ kọ́ ọ.

Akọ ńlá tá a rí létí odò ni mo pè ní Baálẹ̀: 3:2, ọrùn rẹ̀ nípọn, awọ rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀fun rẹ̀ bó ṣe máa ń rí lára akọ tó ti dàgbà. Mo ní ojú rẹ̀ àti ìhà òsì rẹ̀. Àwọn abo méjèèjì ni Àdùkẹ́ àti Ìyá Etídò, mo sì jẹ Bàbá Àgbà mi ní gbèsè orúkọ èkejì yìí.

Ọdẹ ni Bàbá Àgbà, àbúrò bàbá tó bí ìyá mi, ní Pókà. Mo gbé kọ̀ǹpútà tọ̀ wọ́n lọ lọ́jọ́ ọjà, nígbà tí mo mọ̀ pé ilé á dákẹ́. Bí ẹkùn àkọ́kọ́ ṣe yọ lójú ẹ̀rọ, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá, wọ́n kí i: "Ògìdán, olóólà ijù!" Wọ́n wò ó pẹ́. Mo ṣàlàyé ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ìhà fún wọn, wọ́n ní ó dáa, ṣùgbọ́n ojú wọn kò kúrò lábẹ́ ikùn ẹranko náà. "Abiyamọ lèyí. O ò rí ọmú rẹ̀ ni? Ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ún ni." Mo fẹ fọ́tò náà lójú. Lóòótọ́, irun tó yí orí ọmú ká ti tẹ́, ó sì ti tutù. Mo bi wọ́n bóyá ọmọ náà á wà nítòsí. Wọ́n ní yóò ti fi pamọ́ sínú àpáta tàbí igbó dídí, torí abiyamọ ẹkùn kì í mú ọmọ kékeré rin ojú ọ̀nà. "Yíyọ́ tó ń yọ́ yìí, tojo kọ́." Bí èmi nìkan bá wo fọ́tò yẹn títí di ọdún tó ń bọ̀, àmì ara ni ǹ bá máa kà.

Ẹ̀kẹrin ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Akọ ni, ìrọ̀lẹ́ la rí i, ìhà ọ̀tún nìkan ló hàn, koríko bo ojú rẹ̀. Ojú ọ̀nà kan náà ni, kò sì jìnnà sí ibi tá a ti rí Baálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lórí WhatsApp: "Ṣebí akọ ni? Ṣebí ibì kan náà ni? Baálẹ̀ ni jàre, kọ ọ́ sílẹ̀." Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, mi ò lè kọ ọ́. Òsì ni mo ní lọ́wọ́ Baálẹ̀, ọ̀tún ni mo ní lọ́wọ́ eléyìí.

Kì í ṣe agídí. Akọ ẹkùn kan lè ní ilẹ̀ tó bo ilẹ̀ abo bíi mélòó kan. Ọjọ́ tó bá kú tàbí tí akọ mìíràn lé e lọ, ẹni tuntun náà sábà máa ń pa ọmọ tó bá nílẹ̀, kí abo lè tètè gba akọ. Bí mo bá so akọ méjì pọ̀ di Baálẹ̀ kan ṣoṣo, Baálẹ̀ lè kú tán kó sì máa wà láàyè nínú ìwé mi, tí ọmọ Ìyá Etídò á sì pòórá tí ẹnikẹ́ni kò ní mọ ohun tó fà á. Iye ẹkùn náà dúró lórí rẹ̀. Láti ìgbà tí Ullas Karanth, onímọ̀ nípa ẹranko igbó, ti fi kámẹ́rà inú igbó àti ilà ara àwọn tiger, ìbátan ẹkùn tó ní ilà dípò òrùka, ṣírò iye wọn ní Nagarahole ní Íńdíà, nínú iṣẹ́ tó gbé jáde ní 1995, ìṣirò irú èyí ti di ti ẹkùn náà. Bí o bá pe méjì ní ọ̀kan, iye á dín. Bí o bá pe ọ̀kan ní méjì, á pọ̀ sí i, àwọn tó ń ṣọ́ igbó á sì rò pé nǹkan ń lọ dáadáa.

Mo bi Bàbá Àgbà lọ́jọ́ yẹn bóyá ẹkùn wà nígbó wa rí. Wọ́n ní bàbá tó bí wọn rí i, àwọn fúnra wọn rí ipasẹ̀ nígbà èwe. Mo ní mélòó ló wà nígbà náà? "Ta ló kà á?" Ìdáhùn yẹn dùn mí gan-an. Ẹkùn wà nínú oríkì wa, ó wà lára ìtẹ́ ọba, ní 2020 a fi orúkọ Àmọ̀tẹ́kùn sọ ẹ̀ṣọ́ ààbò ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí ìwé kan tí mo lè ṣí tí yóò sọ fún mi pé akọ báyìí, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí báyìí, ló kẹ́yìn ní igbó Ẹ̀pẹ́.

Mo ti kó fọ́tò àwọn mẹ́ta náà, pẹ̀lú ọjọ́, wákàtí àti ibi, fún àwọn tó ń ṣe àkójọ ẹkùn lọ́hùn-ún. Mo fi ẹ̀kẹrin kún un lọ́tọ̀, mo kọ ọ́ pé: akọ, ìhà ọ̀tún nìkan, òrùka méjì tó lẹ̀ mọ́ra lókè itan, ọ̀kan tó là nísàlẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá gba H4-1 kọjá ní oṣù Keje náà, tí ẹ ya ẹkùn tó ń yí padà tàbí tó kọjú sí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún fọ́tò yẹn wò. Ẹ wo òkè itan ọ̀tún ná, kí ẹ tó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́.