Ímeèlì àti àpótí fáìlì tó ń pa àṣírí mọ́: ìdáhùn sí ohun tí ẹ ń bi mí lójoojúmọ́ ní Pànsẹ́kẹ̀

Láti bí ọdún mẹ́ta ni mo ti ń bá àwọn èèyàn ṣètò Proton àti Tuta, ilé-iṣẹ́ méjì tó ń ti ímeèlì pa kí ẹlòmíràn má lè kà á, sórí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀ láti FUNAAB, oníṣòwò ń bọ̀ láti Ìtòkú, lọ́yà ń bọ̀ láti Òkè-Ìlẹ̀wó, ẹjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rò. Ó ti rẹ̀ mí láti máa fẹnu sọ ọ́, ni mo fi kọ ọ́ sílẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń kà á, ẹ máa bi ara yín léèrè: ṣé títì tí wọ́n ti lẹ́tà yín pa (encryption, tí ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ ò fi lè kà á) ló fa ìṣòro yìí ni, àbí ilé-iṣẹ́ ni kò tíì ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́, àbí fóònù yín gan-an ló ń dá iṣẹ́ dúró? Ọ̀pọ̀ tó ń pariwo níwájú mi ni kò mọ èyí tó ń ṣe é.

“Wọ́n ní wọ́n ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí mi, mi ò rí i.”

Ẹ wo Spam. Ẹ tún àdírẹ́sì tẹ́ ẹ fún wọn kà, álífábẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan.

“Ó ní àyè ti kún.”

Ọ̀fẹ́ lẹ ń lò. GB 1 ni Proton ń fún lẹ́tà, GB 5 ni fún Drive, àpótí fáìlì rẹ̀. GB 1 ni ti Tuta. Ẹ pa ohun tí ẹ ò nílò rẹ́, kẹ́ ẹ sì da Trash náà nù, torí ó ṣì ń gba àyè.

“Ẹ̀gbọ́n, mo wá ọ̀rọ̀ kan nínú lẹ́tà mi, kò rí i, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.”

Ẹ̀rọ Google lè ka inú lẹ́tà yín, ìdí nìyẹn tí Gmail fi ń wá a kíá. Proton ò lè ka inú rẹ̀. Àkọlé, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́ àti ọjọ́ ló ń rí. Tuta tiẹ̀ ti àkọlé náà pa. Tẹ́ ẹ bá ń lo Proton lórí kọ̀ǹpútà, ibì kan wà tẹ́ ẹ ti máa gbà á láyè láti wá inú lẹ́tà. Á wá kó àwọn lẹ́tà wá sórí kọ̀ǹpútà yín, á ṣí wọn níbẹ̀, á sì to ọ̀rọ̀ inú wọn. Ó máa ń pẹ́ nígbà àkọ́kọ́, ó sì máa ń jẹ dátà. Èyí kì í ṣe àìsàn, owó tá a san fún àṣírí ni. Ohun tó tọ́ ká bèèrè ni pé kó rọrùn bẹ́ẹ̀ lórí fóònù tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, torí òun ni ọ̀pọ̀ wa ní.

“Mo fẹ́ máa ka Proton mi nínú Outlook.”

Ẹ nílò Proton Bridge, áàpù tó ń so Proton pọ̀ mọ́ Outlook. Orí kọ̀ǹpútà nìkan ló wà, àwọn tó ń sanwó ló sì wà fún. Tuta ò gba Outlook rárá, áàpù tirẹ̀ lẹ máa lò.

“Mo gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù, mo ṣe tuntun, mo wọlé, àmọ́ àwọn lẹ́tà àtijọ́ ò ṣí.”

Pásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ ló ń ṣí kọ́kọ́rọ́ wọn. Bẹ́ ẹ bá rántí rẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ ní ọ̀rọ̀ 12 tàbí fáìlì (recovery file) tí Proton fún yín pé kẹ́ ẹ tọ́jú, wọ́n á ṣí. Kóòdù kan ni Tuta ń fúnni fún irú ọjọ́ báyìí. Tẹ́ ẹ ò bá ní ìkankan, kò sẹ́ni tó lè ṣí i, ní Abẹ́òkúta níbí tàbí ní Geneva tí ilé-iṣẹ́ Proton wà. Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín pé òun á ṣí i, olè ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n máa bá wa ṣí i nígbà tá a bá gbàgbé, torí bí wọ́n bá lè ṣí i fún wa, wọ́n á lè ṣí i fún ẹlòmíràn. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ 12 náà sórí ìwé, kẹ́ ẹ fi í síbi tí ìwé ilẹ̀ yín wà.

“Áàpù Drive ní òun ń kó àwòrán lọ, láti àná ló ti dúró sójú kan.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi bá èyí jà. Ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú gbé fóònù rẹ̀ wá. Àwòrán àdìrẹ ẹlẹ́kọ àti oníko tó ti ń yà láti ọdún 2015 ló wà níbẹ̀, ó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta. Àwọn kan ti ń jí bátànì rẹ̀ ṣe, kò sì fẹ́ kó wọn síbi tí ẹlòmíràn ti lè yọjú wò wọ́n. Áàpù bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó dé orí 412, ó dúró. Síbẹ̀ ó ń kọ ọ́ pé òun wà lẹ́nu iṣẹ́.

Nẹ́tíwọọ̀kì ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo pààrọ̀ síìmù, mo gbé fóònù lọ sí Òkè-Ìlẹ̀wó. 412. Mo yọ áàpù kúrò, mo tún un gbé sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó jẹ dátà tuntun, ó tún dé 412. Lọ́jọ́ kẹta ni mo ṣàkíyèsí pé bí ojú fóònù bá ti ṣú, iṣẹ́ á dáwọ́ dúró. Android máa ń pa áàpù tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ kí bátìrì lè pẹ́. Mo wọ Settings, mo dé ibi Battery, mo ní kó má ṣe dí áàpù náà lọ́wọ́. Kò tún sùn mọ́, àmọ́ 412 ò kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ keje ni mo tó jókòó to gbogbo fáìlì náà bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ẹyọ 413 kì í ṣe àwòrán. Fídíò ìgbéyàwó ni, GB 1.9, tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí Ìyá. Àyè tó kù lórí fóònù ò tó MB 600. Orí fóònù níbẹ̀ ni áàpù ti gbọ́dọ̀ ti fáìlì kó tó gbé e jáde, ó sì ń wá ibi tó máa kó èyí tó ti tì sí. Kò ríbì kankan. Ó ń gbìyànjú, ó ń kùnà, ó tún ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwòrán tó kù sì tò sẹ́yìn fídíò yẹn. Kò dárúkọ fáìlì náà fún wa, kò sì fò ó.

Mo fi wáyà kó fídíò sórí kọ̀ǹpútà, mo pa á rẹ́ lórí fóònù, àyè bá ṣí sílẹ̀. Mo ki ṣáájà bọ̀ ọ́ lálẹ́. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, mo tan jẹnẹrétọ̀. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó parí.

Nítorí náà, ẹ wo àyè, ẹ wo Battery, ẹ wá fáìlì tó tóbi jù. Tí kò bá lọ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má gbé e fún àwọn ọmọ tó ń fọ fóònù (format) lójú títì. Ohun tí kò tíì kúrò lórí fóònù yín ni wọ́n máa fọ̀ dànù.

“Ṣé àwọn ilé-iṣẹ́ yìí tiẹ̀ ń gbọ́ tá a bá ní kí wọ́n tún nǹkan ṣe?”

Wọ́n ń gba ìwé. Ẹ má kàn kọ pé “kò ṣiṣẹ́”. Ẹ kọ irú fóònù, nọ́ńbà Android rẹ̀, ìwọ̀n fáìlì, àyè tó kù, àti ibi tó dúró sí gan-an. Ohun tí mo bèèrè nítorí Ìyá kò ju mẹ́ta lọ: kí áàpù dárúkọ fáìlì tó kọ̀, kó fò ó, kó sì máa bá iṣẹ́ lọ láti ibi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti já, torí owó ara wa la fi ń ra dátà. Ẹ̀dà lẹ́tà yẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ wá wò ó, kẹ́ ẹ fi kọ tiyín.